Kọ́sẹ́ẹ̀tì Tíṣà Catherine

Ràfátù kì í sọ pé ó rẹ òun. Èmi Kamorat ni mo máa ń bá a sọ ọ́. Bí ó bá ti gbé orí kúrò lórí maṣíìnì, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀, màá ní, "Ìyá Ràímì, ó ti rẹ̀ ọ́ o." Yóò ní rárá, ẹ̀yìn lásán ló ń dun òun. Àfi bí ẹni pé ẹ̀yìn ọ̀hún kì í ṣe ara rẹ̀, pé ẹnìkan ló gbé e fún un kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ni àwa méjèèjì. Láti Ọ̀fà la ti wá bá ọkọ ní Monrovia. Gàníyù, ọkọ tirẹ̀, ń ta bélì aṣọ òkìrìkà, ìdì ńláńlá tí wọ́n fi irin dì, ní Point Four, lẹ́bàá èbúté. A jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn Broad Street. Ìdajì rẹ̀ ni maṣíìnì Ràfátù wà, ìdajì yòókù ni mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti lésì. Òun ló ń ṣiṣẹ́, èmi ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ tèmi ló le jù.

Lọ́dún 1986 tí mo ń sọ yìí, kò sí ẹni tí nǹkan ò sú nílùú náà. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Òjò Monrovia, tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ń rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ni Ràfátù ń rán, kọ́là kan náà, àpò kan náà, títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ó ti ń wí fún Gàníyù pé bí Ràímì, ọmọ wọn tó wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà nílé, bá ti jáde ìwé mẹ́wàá, òun á ta maṣíìnì náà, òun á lọ jókòó. Mo máa ń gbọ́ ọ, n kì í sì í gbà á gbọ́. Ràfátù kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó.

Àárín òjò yìí ni Tíṣà Catherine gbé páálí kan wọlé tọ̀ wá wá. Ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí wa, òun ló sì sábà máa ń kó iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù wá fún Ràfátù. Kò dàgbà jù wá lọ tó bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ìran wọn ti Amẹ́ríkà wá nígbà láéláé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti gba ìjọba, irú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pariwo ìyẹn mọ́. Kò ní ọkọ, kò bímọ. Comfort, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Sinkor, ni ẹbí tó kù fún un.

Ó tú páálí náà. Gáùn kan wà nínú rẹ̀, funfun tó ti di àwọ̀ mílíìkì, tí yẹ̀rì rẹ̀ fẹ̀ débi pé kò sí ibi tí a lè tẹ́ ẹ sí ní ṣọ́ọ̀bù. Lábẹ́ gáùn ni ohun kan wà tí mo rò pé apó ọfà ni. Ó le gbagidi, ó ní egungun nínú, ó sì ti ń rún sí wa lọ́wọ́.

"Kọ́sẹ́ẹ̀tì ìyá ìyá mi nìyí," Catherine wí fún wa lédè òyìnbó tiwọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fún ìbàdí ara rẹ̀ láti fi ohun tó wà fún hàn wá. "Gáùn yìí kò lè pàdé lẹ́yìn bí kò bá sí i lábẹ́."

Àjọ̀dún ìjọ wọn ń bọ̀ ní ìparí ọdún. Ìdílé àtijọ́ kọ̀ọ̀kan máa mú ẹnìkan jáde tó máa wọ aṣọ àwọn baba ńlá wọn, tí yóò rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dé iwájú pẹpẹ lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn obìnrin ìgbìmọ̀ ti ní kí Comfort wọ gáùn náà, nítorí pé òun ló ṣì kéré, tó sì ní ìrísí. Catherine fa ètè rẹ̀ pọ̀.

"I will wear it my own self," ó wí. "My sister, you can make it?"

Mo ti ń mi orí sí Ràfátù pé kó má gbà á. Yunifọ́ọ̀mù kún ilẹ̀. Kò wojú mi rárá, ó ti mú abẹ́ dání, ó ń wo ibi tí yóò ti kọ́kọ́ tú kọ́sẹ́ẹ̀tì náà.

Ó fi ọjọ́ púpọ̀ tú u. Gbogbo ègé rẹ̀ ló tò sórí tábìlì ní ọ̀tún àti ní òsì, kò sì sí ọ̀kan tó tọ́ nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì rọ wọlé láàárín. Àwọn egungun inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹja àbùùbùtán, Catherine ló sọ fún wa, wọ́n sì ti gbẹ débi pé wọ́n ń kán bí èèpá ẹ̀kọ gbígbẹ. Níbo la ti fẹ́ rí egungun àbùùbùtán ní Monrovia? Gàníyù ló yọ wá. Ó kó irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di bélì òkìrìkà wá láti Point Four. Ràfátù gé e, ó pọ́n ẹnu rẹ̀ lára òkúta kó má baà gún ènìyàn, ó sì fi pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò wé orí rẹ̀. Aṣọ kàkí líle ló fi rán an. Èmi ni mo gbé e lọ bá Yẹ̀kínì tó ń ṣe bàtà ní Rally Time Market, kó bá wa lu ihò sí i lẹ́yìn, kó sì fi róbótó irin sí ojú ihò bí ó ti ń ṣe é sí bàtà.

Yẹ̀kínì yí i síwá sẹ́yìn. "Àǹtí Kamo, ẹsẹ̀ ta ni èyí fẹ́ wọ̀?"

Nígbà àkọ́kọ́ tí Catherine dán an wò, ó fi bí wákàtí kan wọ̀ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù wa, ó ń rìn, ó ń jókòó, ó ń dìde. Nígbà tí a tú okùn tí a sì bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀, mo pariwo. Gbogbo ìhà rẹ̀ ló lé sókè ní pípọ́n, láti abẹ́ ọmú dé ìbàdí, àfi bí ọmọ tí wọ́n nà ní pàṣán.

Ràfátù jókòó sílẹ̀ gbì. Àṣìṣe rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Gbogbo télọ̀ tó bá kọ́ṣẹ́ nílé wa ló mọ̀ pé bí o bá ń ránṣọ, o gbọ́dọ̀ ṣẹ́ aṣọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ojú rírán, nítorí pé ara ènìyàn a máa sanra. Lọ́la, oníaṣọ á gbé e padà wá kí o tú u fún un. Télọ̀ tí kò bá ṣẹ́ nǹkan sínú aṣọ, ahun ni wọ́n máa ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni Ràfátù ṣe ṣẹ́ ìka méjì méjì sínú gbogbo ojú rírán kọ́sẹ́ẹ̀tì náà, pẹ̀lú kàkí tó nípọn, tí irin sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹran ara obìnrin.

"Èmi ni mo ṣe é," ó ń sọ. "Mo ránṣọ fún ara tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Catherine, nítorí pé òyìnbó yé Ràfátù, àmọ́ kì í fẹ́ sọ ọ́ púpọ̀. Ó ń wọ búláùsì rẹ̀ padà lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Cut everything," ó wí. "I not getting fat again, ya."

A rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ṣọ́ oúnjẹ ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ràfátù ní òun ò lè rán ohun tí ara òun kò mọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ búbà, ó ní kí n di kọ́sẹ́ẹ̀tì náà mọ́ òun. Mo fa okùn títí ọwọ́ fi ń ta mí. Ó dúró, ó fi ọwọ́ pa ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ń rí fún mi, ohùn rẹ̀ tínínrín nítorí pé èémí rẹ̀ ti sá gòkè wá sí àyà. Ó ní irọ́ ni pé kọ́sẹ́ẹ̀tì ń sọ ènìyàn di tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ẹran kankan tó lọ. Ohun tó wà ní ìbàdí ló pín sí méjì, apá kan gòkè lọ gbé ọmú, apá kan sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí, ojú ló wá ń tan ènìyàn jẹ pé àárín kéré. Ó ní ẹ̀yìn kọ́sẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ pàdé, àlàfo bí àtẹ́lẹwọ́ kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù kí okùn lè ríbi fà. Ó tún ní ó jọ ìgbà tí ìyá ọkọ òun fi ọ̀já di ikùn òun lẹ́yìn tí òun bí Ràímì, àfi pé ọ̀já máa ń bá ara mí, èyí kì í bá ẹnikẹ́ni mí.

Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ìbàdí rẹ̀. Ó ní, "Kamo, ẹ̀yìn kò dùn mí mọ́."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti pe ìrun Alásárì. Ràfátù tí kì í fi ìrun falẹ̀ ti ṣe àlùwàlá tẹ́lẹ̀. Ó fi búbà bo kọ́sẹ́ẹ̀tì, ó dúró, ó kábàrá láti bẹ̀rẹ̀ ìrun. Nígbà tó kan rúkúù, ibi tí a ti ń tẹríba, kò lè tẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò lè tẹ̀. Ó dúró gbagidi síbẹ̀ bí òpó iná, ojú rẹ̀ kọ Kíbílà, ó ní, "Kamorat, wá tú mi kí Ọlọ́run tó bínú." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun náà rẹ́rìn-ín. N kò rántí ìgbà mìíràn tí a rẹ́rìn-ín lọ́dún yẹn.

Kọ́sẹ́ẹ̀tì kejì tó rán kò ní àléébù. Ó gé gbogbo ohun tó ṣẹ́kù nínú, ó tẹ ojú rírán pẹlẹbẹ, ó fi aṣọ rírọ̀ bò ó. Catherine wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ṣẹ́kù bí àtẹ́lẹwọ́ gẹ́lẹ́, gáùn pàdé láìfipá. Obìnrin tó wà nínú dígí yẹn dúró ṣánṣán, ó dára. Èmi tí mo máa ń wá àléébù sí nǹkan, n kò rí ẹyọ kan níbẹ̀.

Ó yẹ kí iṣẹ́ parí síbẹ̀.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, Catherine wá dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo fa okùn, ẹ̀yìn pàdé. Kò sí àtẹ́lẹwọ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ràfátù mú tépù, ó wọn kọ́sẹ́ẹ̀tì, ó wọn Catherine, ó tún wọn kọ́sẹ́ẹ̀tì. Ó ní kàkí ló nà. Ó tú u, ó gé e kéré, ó tún un rán. Gbogbo yunifọ́ọ̀mù dúró, àwọn ìyá ọmọ sì ń wá sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí wa. Catherine tún padà wá, mo fa okùn, ẹ̀yìn tún pàdé, aṣọ sì ká lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọwọ́ mi ti ń bàjẹ́," ni Ràfátù wí nígbà tí Catherine lọ tán. "Ojú mi ò ríran mọ́. Mo ti darúgbó sídìí maṣíìnì."

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ," mo sọ fún un. "Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ."

"Panu mọ́, Kamo."

Mo panu mọ́. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ mi, nítorí náà ó yẹ kó yé e pé ẹ̀rù ń bà mí.

Nígbà tí Catherine tún wá, òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn. Ó bọ́ búláùsì rẹ̀, kò sì jẹ́ kí Ràfátù mú tépù. Ó ní kí a wo òun dáadáa. Kí la fẹ́ wò? Búláùsì ńláńlá tó ń wọ̀ ló ti ń tan gbogbo ayé jẹ. Èjìká rẹ̀ ti yọ, a sì lè ka egungun ìhà rẹ̀. Ó ní kókó kan wà nínú ikùn òun, àwọn dókítà ti rí i láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti sọ pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Oúnjẹ kì í dúró. Yàtọ̀ sí àwọn dókítà, èmi àti Ràfátù nìkan la mọ̀.

Ràfátù ní, "Comfort ńkọ́?"

"Comfort kò mọ̀. Ẹ má sọ fún un." Ó wá ṣàlàyé, kò sì sunkún. Bí ìjọ bá gbọ́, wọ́n á gbé òun sórí àga níwájú, wọ́n á máa dárúkọ òun nínú àdúrà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Comfort á sì wọ gáùn náà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tó ń kú nìkan ni wọ́n á máa rí bí wọ́n bá wo òun. "Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí. "Èmi gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù kó ṣẹlẹ̀."

Nígbà tí a ń lọ sílé nínú taksí, a há mọ́ obìnrin kan tó gbé agbọ̀n adìyẹ lé itan. Ràfátù ń wo ìta. Ó ní, "Kamo, ó rẹ̀ mí."

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú mi bàjẹ́ gan-an.

Mo ní kó pa iṣẹ́ náà tì. Mo ní kó jẹ́ kí a lọ bá Comfort ní Sinkor ká sọ fún un. Ó mi orí pé rárá, ó ní òun ti búra. Lọ́jọ́ tó gba fúrídọ̀ọ̀mù ní Ọ̀fà, ọ̀gá rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ sí i lọ́wọ́, ó sì mú un búra pé ohun tó bá rí lára oníbàárà tó bọ́ra sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbé e dé òde. Gbogbo télọ̀ obìnrin ilé wa ló máa ń búra bẹ́ẹ̀. Mo ní àbùkù ara ni wọ́n ń sọ, wọn ò sọ ti ikú. Ràfátù ní wọn ò yọ ikú sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ sí Rally Time, ó ra òwú ìrọ̀rí. Ó jókòó sídìí kọ́sẹ́ẹ̀tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ara fún Catherine. Ó to òwú sí ibi ìdí ní ìpele ìpele, èyí tó wà lábẹ́ fẹ̀, èyí tó wà lókè kéré, kó lè yí bí ẹran ara ṣe ń yí. Ó fi díẹ̀ sí ìhà, ó fi púpọ̀ sí i sí àyà, kò sì fi nǹkan kan sí ìbàdí. Ohun tó kọ́ lára kọ́sẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló wá ń ṣe sódì. Èyí tí àwọn obìnrin ìgbàanì fi ń fún ara tó pọ̀ ló wá fi ń pèsè ara fún ẹni tí kò ní in mọ́. Nígbà mìíràn á dáwọ́ dúró, á fi ọwọ́ nu ojú, á sọ pé èérún òwú ló kó sóun lójú.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, àwa méjèèjì ló wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì náà fún un nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A wá lọ dúró sí ìdí ògiri, pẹ̀lú ìbòrí wa, láàárín àwọn onígbàgbọ́. Catherine wọlé. Ó fi gáùn ńlá yẹn rìn láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú, kò di ẹnikẹ́ni mú, orí rẹ̀ gbé sókè, gbogbo ìjọ sì dìde fún un. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tó wà lábẹ́ gáùn.

Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n rọ́ yí i ká lóde nínú oòrùn.

"Teacher, you getting fat-o! Who feeding you so?"

"Da God, ya," ni Catherine ń dá wọn lóhùn, pé Ọlọ́run ni. "Da God."

Comfort sáré wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra ní ìhà, ó fún un mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àǹtí òun ti wá ní ìrísí ju òun lọ. Catherine gbé àgbọ̀n lé e léjìká. Mo rí ojú rẹ̀. Inú ẹni náà dùn, ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi pé kò dùn.

Ràfátù fà mí lápá. "Wọ́n gbà á gbọ́," ó wí, kò sì dàbí ẹni tó ń yọ̀.

Wọ́n gbà á gbọ́ jù. Nígbà tí Catherine kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n ní ó lọ sinmi ní Buchanan, bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún Comfort, ara rẹ̀ ṣáà le. Ilé rẹ̀ ló wà, kò sì sí ẹni tó gbé omi ọbẹ̀ lọ fún un, bí kò ṣe àwa. Ràfátù ló ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ fún un. Ràfátù bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun ránṣẹ́ sí Comfort. Ó ní rárá, kí Comfort máa rántí òun bí ó ti rí òun lọ́jọ́ yẹn. Kí ìgbà òjò mìíràn tó dé, ó kú.

Ilé rẹ̀ kún fún àwọn ará ìjọ. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, pé irú ikú òjijì wo lèyí, ẹni tí a rí lọ́jọ́sí, tó sanra, tó ń dán. Ràfátù jókòó sí igun ilé, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Comfort ti rí òkú. Ó ti inú yàrá jáde, ó sì wá bá wa.

"Ma, ẹ̀yin lẹ wọn ara rẹ̀," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ kàn án. Ẹ kò rí nǹkan kan ni?"

Mo la ẹnu láti bá Ràfátù dáhùn, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́sẹ̀.

"Mo rí i," ó wí.

Comfort wò ó títí. Ọwọ́ rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ṣe róbótó níwájú rẹ̀ bí ó ti rí nígbà tó gbá àǹtí rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń wo àárín ọwọ́ náà.

"Lọ́jọ́ àjọ̀dún ńkọ́?" ó bi í. "Kí ni mo wá gbá mọ́ra?"

"Òwú ni, ọmọ mi," Ràfátù dá a lóhùn.